Ojú Ló Ń Rìn, Ọba Jókòó

Kò sí ẹni tí í já wọ ààfin bí ẹni ń sáré wọ ọjà. Àlejò á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi jíṣẹ́ pé ó ti dé. Á bọ́ bàtà, á ṣí fìlà, á gba àgbàlá kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá dé iwájú Kábíyèsí, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ojú rẹ̀ á ti kan ilẹ̀, á ti kan ẹsẹ̀ ìtẹ́, kí ó tó gbé e sókè débi tí adé wà. Kò sẹ́ni tó ka ìlànà yìí nínú ìwé, síbẹ̀ ọmọdé tó bá tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí ààfin lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ ọ́n.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ ni kì í gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé mọ́. Kútọnú ni wọ́n ń gbé, tàbí Èkó, tàbí Paris. Ojú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń rí àwọn ọba àti àwọn baba ńlá wọn, níbi ìsìnkú, níbi ìgbéyàwó àti níbi ìpàdé ẹgbẹ́, nínú àfihàn àwòrán tí àwọn tó lọ iléèwé Faransé ń pè ní diaporama. Ẹni tó bá ṣètò irú àfihàn bẹ́ẹ̀ ti di ẹni tó ń mú àlejò wọlé. Ó yẹ kí ó mọ ọ̀nà.

Ọkùnrin kan wà ní agbègbè Sakété I, ẹni ọdún 67, tí ẹbí rẹ̀ gbé irú iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Ìrántí bàbá bàbá wọn, tó joyè nígbà ayé rẹ̀, ni wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n kó àpótí fọ́tò fún un. Èyí tó níyì jù nínú wọn jẹ́ fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, tó ga ní 10. Ọba kan jókòó láàárín. Àwọn olóyè dúró lápá ọ̀tún, àwọn kan jókòó sórí ẹní níwájú, àwọn obìnrin díẹ̀ sì dúró lápá òsì lẹ́bàá ògiri. Lẹ́yìn fọ́tò náà, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ọkùnrin 6.

Ó gbé fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń mú àwòrán rìn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ṣe é bí ó ti ń ṣe gbogbo àwòrán: ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ láti àárín, díẹ̀díẹ̀, títí ojú ọba fi kún gbogbo aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Inú òun náà dùn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan tó ti sún mọ́ 90 ọdún, tó jókòó níwájú, kò pàtẹ́wọ́. Ó ní: «Ọmọ mi, ìyá mi ńkọ́?»

Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ìyá náà kò gbà. Ó ní ìyá òun wà nínú fọ́tò yẹn, pé ó fi ọwọ́ kan ara ògiri. Wọ́n lọ mú fọ́tò náà wá. Òótọ́ ni. Obìnrin náà wà ní etí òsì pátápátá, ẹlòmíràn bo èjìká rẹ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ògiri. Kò sí fọ́tò rẹ̀ mìíràn níbikíbi. Ojú kò tíì rí i tán tí àwòrán fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí etí òsì sì bọ́ síta.

Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n ṣe, a kò sì lè bá a wí. Kò mọ ọba, kò mọ olorì. Àárín nìkan ni ó mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó gba ibòmíràn gbọ́dọ̀ sọ ibẹ̀ fún un, ohun tí a sì fi ń sọ ọ́ ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní image clé. A lè pè é ní ibùsọ̀. Aláàárù tó ru ẹrù láti Àjàṣẹ́ lọ sí òkè kì í rin ìrìn náà láìsinmi. Ó ní àwọn ibi tó ti ń sọ ẹrù, tó ti ń nu òógùn ojú, kí ó tó gbé e padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùṣètò àfihàn ṣe máa ń yan àwọn ibi tí ojú yóò dé. Á sọ fún ẹ̀rọ pé: ní àkókò báyìí, kí ojú wà níhìn-ín, kí ó sì sún mọ́ àwòrán tó báyìí. Ọ̀nà tó wà láàárín ibùsọ̀ kan sí èkejì, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò ṣírò rẹ̀.

Ẹ wo bí ìṣirò náà ṣe rí. Bí ojú bá máa fi ìṣẹ́jú àáyá 8 rìn, tí fídíò náà sì ń lo àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200. Olùṣètò á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé 2 kalẹ̀, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí. Ẹ̀rọ á ṣe 198 tó kù. Láti ilé iṣẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún sinimá ni èrò yìí ti wá: ọ̀gá á ya àwọn ìdúró tó ṣe kókó, àwọn ọmọ iṣẹ́ á ya gbogbo èyí tó wà láàárín. Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀gá ṣì kù sọ́wọ́ èèyàn.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, àwọn oníṣẹ́ sinimá máa ń tẹ́ fọ́tò sórí tábìlì, wọ́n á gbé kámẹ́rà kọ́ sókè rẹ̀, wọ́n á sì máa sún un ní ìwọ̀nba bíńtín, kí wọ́n tó ya ẹyọ kan, kí wọ́n tó tún sún un. Ní 1957, Colin Low àti Wolf Koenig, ní ilé iṣẹ́ sinimá ìjọba Kánádà, fi ọ̀nà yìí ṣe fíìmù City of Gold, lórí ìlú Dawson níbi tí àwọn èèyàn ti sáré lọ wa góòlù. Ken Burns, ọmọ Amẹ́ríkà, rí ọgbọ́n náà kọ́. Nígbà tí fíìmù rẹ̀ The Civil War jáde ní 1990, àwọn fọ́tò ogun tó ti lé ní 120 ọdún ni ó fi mú àwọn èèyàn jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ní 2003, ilé iṣẹ́ Apple fi orúkọ rẹ̀ pe ọgbọ́n náà nínú iMovie. Láti ìgbà náà, ó ti di bọ́tìnnì kan tí ọmọdé lè tẹ̀. Ohun tó fara pamọ́ sínú bọ́tìnnì náà ni pé Burns kì í sún mọ́ ojú ẹnikẹ́ni láìnídìí. Bọ́tìnnì kò ní ìdí kankan ní tirẹ̀.

Àwa ọmọ Yorùbá kì í dúró ṣáá fún fọ́tò. Stephen Sprague, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978, ṣàkíyèsí ìlànà tí àgbàlagbà fi ń ya fọ́tò: á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà gan-an, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, aṣọ ńlá á tẹ́ rẹrẹ, gbogbo ara láti orí dé ẹsẹ̀ á sì hàn. Ohun tó bá ń fi ipò rẹ̀ hàn kò ní sí níta. Nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ń sọ̀rọ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ẹni tó dúró lẹ́yìn àga náà ń sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 2001, túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà «àwòrán» sí ohun tí à ń wò fi rántí. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gé etí àwòrán dànù ti gé nínú ìrántí.

Gígé yìí sì máa ń bẹ̀rẹ̀ kí àwòrán tó rìn rárá. Ojú ẹ̀rọ òde òní fẹ̀ ju bí ó ti ga lọ: 16 ní fífẹ̀, 9 ní gíga. Fọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní kí fọ́tò sẹ̀ǹtímítà 15 sí 10 kún ojú ẹ̀rọ bámúbámú, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ yóò bọ́ nínú gíga rẹ̀. Adé lè lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó sórí ẹní sì lè lọ. Tí fọ́tò náà bá dúró lóòró, ó burú jù bẹ́ẹ̀: èyí tó lé ní ìdajì ni yóò lọ. Pierre Verger, tó di babaláwo Fátúmbí ní Kétu ní 1953, Rolleiflex ni ó ń lò, onígun mẹ́rin tó dọ́gba sì ni àwòrán ẹ̀rọ náà. Bí ẹnì kan bá fẹ irú àwòrán yẹn títí ó fi kún ojú ẹ̀rọ, nínú gbogbo 100, ó lé ní 43 tó máa dànù. Àwọn baba wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí a jẹ́ kí àyè dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán sàn ju kí a bẹ́ orí ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ọkùnrin tí à ń sọ yìí gbé fọ́tò náà lọ sí ilé ìyá àgbà. Ó mú dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá dání. Ó ní: «Ìyá, ẹ fi yé mi, ta lẹ ń wò?» Ìyá fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ọkùnrin 6 tí orúkọ wọn wà lẹ́yìn fọ́tò. Ó mọ ìyá rẹ̀. Ó mọ obìnrin méjì mìíràn tí kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n mọ́ nínú ẹbí náà: ọ̀kan jẹ́ aya olóyè, èkejì ni ó ń dá aró fún gbogbo agbo ilé. Ó sọ orúkọ wọn, ó sọ ilé tí wọ́n ti wá. Iṣẹ́ ọjọ́ náà gbà ju wákàtí méjì lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ibùsọ̀ 5 ni ó yàn. Ní àkọ́kọ́, gbogbo fọ́tò á hàn láti etí dé etí, á sì dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí olùwòran lè mọ ibi tí òun wà. Ojú á wá fi 6 rìn sí orí ẹní, sídìí àwọn tó jókòó nílẹ̀, á dúró fún 3. Á tún fi 6 rìn lọ sí òsì, sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, á dúró fún 5. Láti ibẹ̀, á fi 6 mìíràn lọ sọ́dọ̀ ọba, á dúró fún 4. Kò ní sún mọ́ ọn débi tí ojú rẹ̀ yóò dá wà. Adé, ọwọ́ àti ìrùkẹ̀rẹ̀ á hàn pọ̀. Ní ìkẹyìn, ojú á fi 6 padà sẹ́yìn, gbogbo àwòrán á tún hàn, àwọn olóyè tó dúró lápá ọ̀tún pẹ̀lú, á sì dúró fún 9, nígbà tí a bá ń ka orúkọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 50.

Ohun méjì kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Èkíní, ibùsọ̀ kan gba àmì méjì, ọ̀kan fún ìgbà tí ojú dé, ọ̀kan fún ìgbà tí ó ń lọ, kí àwọn méjèèjì sì bára mu géérégé. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan sílẹ̀ á rí i pé ojú kò dúró: bí ó ti ń dé ni ó ń lọ. Nítorí náà, ibùsọ̀ 5 jẹ́ àmì 10. Nínú Kdenlive, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, a lè yàn bóyá ìrìn náà yóò lọ tààrà tàbí yóò rọra bẹ̀rẹ̀, kí ó sì rọra parí. Èyí tó rọra ni ó bá ààfin mu. Èkejì ni pé fọ́tò gbọ́dọ̀ tóbi tó. Bí a bá fi ẹ̀rọ skánà gba fọ́tò sẹ̀ǹtímítà 15 ní àmì 300 nínú íǹṣì kan, píksẹ́lì 1,772 péré ni fífẹ̀ rẹ̀, èyí kò sì tó 1,920 tí ojú ẹ̀rọ lásán ń fẹ́. Ní 600, ó jẹ́ 3,543. Ní 1,200, ó jẹ́ 7,087. Bí igun àwọn obìnrin bá jẹ́ ìdá mẹ́ta fọ́tò, ti 1,200 nìkan ni yóò fi ojú wọn hàn kedere. Ẹni tó bá lo 300 á sún mọ́ wọn, ṣùgbọ́n kùrukùru ni yóò rí.

Àwọn ọ̀dọ́ ní ìbéèrè kan, ìbéèrè náà sì tọ́. Wọ́n ní kí ló dé tí a kò fi jẹ́ kí ọba fúnra rẹ̀ mira, kí ó ṣẹ́jú, kí ó rẹ́rìn-ín? Ẹ̀rọ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ wà. Ní oṣù kejì 2021, ilé iṣẹ́ MyHeritage gbé Deep Nostalgia jáde, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló sì fi wo àwọn òbí wọn tó ti kú tí wọ́n ń yí orí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn kan sunkún. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a rí: ìṣípòpadà náà wá láti inú fídíò tí a ti ya sílẹ̀ láti ara ẹlòmíràn. Ojú jẹ́ ti bàbá wa. Ẹ̀rín jẹ́ ti àjèjì.

Àṣà wa kò sọ pé kí òkú má rìn. Nígbà tí Egúngún bá jáde, ará ọ̀run ni ó ń jó ní ìgboro, ẹnikẹ́ni kì í jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ni ó bo ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń ṣẹ́ sójú ọba láti ara adé. Níbi tí àwọn baba wa ti jẹ́ kí òkú mira, wọn kò fi ojú rẹ̀ hàn. Níbi tí wọ́n ti fi ojú hàn, bíi ti fọ́tò, wọ́n jẹ́ kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀rọ tuntun yìí pa méjèèjì pọ̀, ó sì yẹ kí a bi ara wa léèrè kí a tó gbà á wọlé. Ẹnì kan lè sọ pé àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Òótọ́ ni. Sprague rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, oníṣẹ́ fọ́tò a máa ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ̀ wọ́n pọ̀ sínú fọ́tò kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ni ó ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Kò sí ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Òdiwọ̀n náà nìyẹn: kí àwọn tó ni òkú mọ̀, kí wọ́n sì gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ojú kan kò gbọdọ̀ rí lóde kò gbọdọ̀ di ohun tí gbogbo ojú ń rí lórí aṣọ funfun. Ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ tó bá mọ Orò kò nílò àlàyé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi ProShow ṣe àfihàn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kìíní 2020, Photodex, ilé iṣẹ́ tó ni í, ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú fáìlì tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè ṣí wà nínú ewu. Nítorí náà, kí a tọ́jú ohun mẹ́ta: fọ́tò bí skánà ṣe gbà á láìgé e, fídíò tó ti parí ní MP4, àti ìwé tí a kọ orúkọ àwọn èèyàn sí, kí a sì tẹ ìwé náà sórí bébà. Kí ẹ̀dà wọn wà nílé ju ẹyọ kan lọ.

Ní ọjọ́ ìrántí náà, wọ́n tún fi fọ́tò náà hàn. Ojú kọ́kọ́ kan ẹní, ó kan ẹsẹ̀, ó gba ẹ̀bá ògiri kọjá. Nígbà tí ó dúró sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé wọn láti ẹ̀yìn, àwọn méjì mìíràn sì gbè é. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ kẹsàn-án, ìyá àgbà fi iborùn nu ojú, ó ní: «Ó ṣeun, ọmọ mi. Wọ́n ti rí i.»

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà gbé fọ́tò ọ̀hún kalẹ̀, ó fi pẹ́ńsù fi orúkọ obìnrin mẹ́ta kún ti ọkùnrin mẹ́fà, ó rọra kọ ọ́ kí ó má baà hàn sójú. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ yìí. Kí ẹ tó gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbà tó lè fi ìka kan àwọn tó wà létí rẹ̀.